Omi Ló Ń Ṣáájú Ìbéèrè

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ní gáà Sakété tí a ti ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, mo gbọ́ bí bàbá àgbẹ̀ kan láti Issaba ṣe gbaná jẹ mọ́ sójà kan tó ti ogun Àlùjéríà tí àwọn òyìnbó kó o lọ dé, tí bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi fún.

“Bàbá, òfin wà. Wọn kì í lu ẹni tí wọ́n bá mú lójú ogun kó lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá wa ní àwọn ará Àlùjéríà tí a mú kì í ṣe sójà.”

“Kí ló wá wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ẹ mú wọn, ṣé ọkọ́ ni? Tí wọ́n bá yìnbọn, ogun ni. Tí ẹ bá ti dè wọ́n, kì í ṣe ogun mọ́! Irú òfin wo nìyẹn? Nílé wa, a kì í bi àlejò ní nǹkan kó tó mumi, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Ẹ tiẹ̀ fún wọn lómi?”

Sójà náà wo igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Omi ni wọ́n ń rọ sí wọn lọ́fun títí wọ́n á fi jẹ́wọ́.”

Bàbá dìde.

“Mu tìẹ tán. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bi ọ́.”