Téṣàn Méjì, Reluwé Kò Sí

Alága wa, Alhaji Sirajudeen. Ẹ̀yin ìmáàmù àti àgbààgbà. Ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ń yọ́ aago wò nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú freeway. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Àsàlámù aléékùm.

Láti oṣù tó kọjá lẹ ti ń bi mí pé, "Dókítà Hameed, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Iowa? Ṣé wọ́n lé yín ni?" Làdíátù ìyàwó mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lé mi. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dunmeyer ló ń wá dókítà, gbogbo èèyàn sá, èmi nìkan ló gbà. Nítorí náà, mo gbé iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún yín. Àgbàdo ló wà ní ìlà oòrùn. Àgbàdo ló wà ní ìwọ̀ oòrùn. Odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, ewúrẹ́ lè fò ó. Èèyàn ibẹ̀ kò tó àwọn tó jẹ ìrẹsì wa lálẹ́ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n nítàn o.

Láyé baba ńlá wọn, ilé iṣẹ́ reluwé ní àwọn fẹ́ la ojú irin gba ìlú náà. Ará òkè odò ní ọ̀dọ̀ àwọn ni téṣàn yóò wà. Ará ìsàlẹ̀ odò ní irọ́ ni, àwọn làwọn kọ́kọ́ tẹ̀dó. Wọ́n ṣèpàdé títí, wọ́n yan ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ tún yan ìgbìmọ̀. Alhaji Naheem, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kálukú kọ́ téṣàn tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ reluwé wò wọ́n títí, wọ́n sì gbé ojú irin gba ìlú mìíràn lọ. Lónìí, koríko màlúù ni wọ́n ń kó sí téṣàn kan. Èkejì ni ilé ìwòsàn tí mo ń lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni mo ń bá wí? Alhaji Naheem ní Mission Bend, ní ìpẹ̀kun ìlú lọ́dọ̀ tirẹ̀, ni ilé-kéú tí a fẹ́ dá sílẹ̀ yóò wà. Ọ̀gbẹ́ni Babáwálé ní Humble ni, ní ìpẹ̀kun kejì lọ́dọ̀ tirẹ̀, torí pápákọ̀ òfurufú wà nítòsí, bí ẹni pé bàálù làwọn ọmọ yóò máa wọ̀ wá kéú! Èèyàn dáadáa ni yín. Nígbà tí Làdíátù bímọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n baba kan fẹ́ yọ̀ǹda ilé fún wa láàárín ìlú, ẹ kọ̀ ọ́ torí kò sún mọ́ ẹnì kankan nínú yín. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ gbọ́ èsì, àwọn mìíràn sì ti ń bẹ̀ ẹ́. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni.

Gáréèjì Màmá Sìkírátù làwọn ọmọ ti ń ké kéú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Lánàá, Nusaiba ọmọ mi bi mí bóyá gáréèjì wà ní Àlùjánnà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dénú.

Aago ògiri tí ẹ fún mi rẹwà, ẹ ṣeun. Ẹ̀bùn tí mo fẹ́ gan-an ni kí ẹ̀yin méjèèjì dìde, kí ẹ gba ilé náà lójú gbogbo wa. Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti dìde. Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Háà! Ẹ tún ń jà lórí ìyẹn náà?

Ó dáa. Màmá Sìkírátù, ẹ̀yin lẹ ni gáréèjì, ẹ bá wa dá a lóhùn. Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n ní a ti gbà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kó wá máa fọ aṣọ àwọn nínú gáréèjì! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bọ ara yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ọlọ́run kò ní pín wa níyà. Yóò dá ẹ̀mí wa sí, yóò wo àwọn ọmọ wa. Bí mo bá padà wá ní Iléyá, ìlẹ̀kùn ilé-kéú kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kàn. Ẹ ṣé o.