Wọ́n Fẹ́ Yọ Abẹ́rẹ́ Lọ́wọ́ Ọkọ Mi Nítorí Ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n di opó ní Ajégúnlẹ̀. Pastor ní kí n má pẹ́. Mi ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ sì máa gbọ́ ọ.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Ṣeun, ọkọ mi, tó ń bá wọn já ẹrù ní èbúté Kirikiri. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, orí ń fọ́ ọ, ara rẹ̀ gbóná janjan. A ní ibà ni. Ní àdúgbò wa yìí, kí ni kì í ṣe ibà? Ó lo oògùn ibà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ ti gan, kò lè tẹ orí wo àyà ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń ta á lójú, ó sì ń pe èmi ìyàwó rẹ̀ ní fọ́manù, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Máruwá, ó di ọsibítù ní Àpápá.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tó yẹ kó mọ́ gaara dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ó ní mẹninjáítísì ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní yírùnyírùn: kòkòrò ti wọ awọ tó bo ọpọlọ. Kò dúró de èsì láàbù tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa àntíbáyótíìkì sí i nínú iṣan.

"Madam, ẹ máa gbàdúrà o," ló wí, "ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fo abẹ́rẹ́ kankan."

Mo ṣe méjèèjì. Ọlọ́run sì ṣe é! Ọkọ mi lajú, ó dá mi mọ̀, ó bèèrè ẹ̀bà. Ẹ má tíì pariwo halelúyà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ìròyìn ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì, Brother Gídíónì, olórí àwọn jagunjagun àdúrà wa, kó ikọ̀ rẹ̀ wá sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n gbé kóòtù tí ọkọ mi máa wọ̀ lọ jẹ́rìí dání. Kóòtù, fún ẹni tí dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀! Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni ìsìn ìdúpẹ́, àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú ìjọ, àwọn sì ti kéde pé ẹni tó jí dìde nínú òkú yóò jẹ́rìí. Òkú wo? Òkú tí mo ń fún ní ẹ̀kọ mu?

"Brother, oògùn rẹ̀ kò tíì parí."

"Sister, ẹ̀rí tí a kò bá tètè jẹ́, èṣù á gbà á padà."

"Kó wá gbà á lọ́wọ́ mi níbí."

"Ẹ ò nígbàgbọ́!"

"Ẹ kọ́kọ́ bọ́ jígí ojú yín sílẹ̀, kí n rí ìgbàgbọ́ tiyín."

Ọ̀kan nínú wọn ti nawọ́ sí dírípù. Nọ́ọ̀sì ké mọ́ ọn: "Oga, comot hand! If you touch am, na you go lie down for that bed!"

Ariwo yẹn ló mú dókítà wọlé. Ó ní pé ara fúyẹ́ kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti kú tán. Tí a bá dá oògùn dúró, èyí tó kù lè gbérí, kó pa á, tàbí kó sọ ọ́ di adití. Brother Gídíónì ní àwọn kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Kí lẹ kọ̀? Oògùn ni àbí etí ọkọ mi? Ṣé Ọlọ́run tó fún dókítà lọ́gbọ́n kọ́ lẹ ń pè ni?

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló parí ìjà. Ó ní, "Brother, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kóòtù yín lọ. Mo fẹ́ sùn."

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n sọ lórí pẹpẹ yìí pé àìgbàgbọ́ obìnrin kan ti ba ẹ̀rí jẹ́. Àwọn kan nínú yín ò kí mi mọ́. Mo jókòó ti ọkọ mi títí ó fi gba abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé.

Bàbá Ṣeun, ẹ dìde dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ará, ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ wá pariwo halelúyà yín báyìí, etí méjèèjì ló fi ń gbọ́ yín.