Aṣọ Brigid Tí Mi Ò Sá Síta

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi fún ọdún mẹ́ta, mi ò sì lè gbé e mọ́. Ìyá arúgbó kan fọkàn tán mi, mo sì purọ́ fún un. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ ohun tó ṣe fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá mú mi sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Barking.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo wá ṣe nílùú òyìnbó. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá kan ní Thames View, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Nora lorúkọ rẹ̀. Màmá Nora ni mo ń pè é, torí ẹnu mi ò gbà á láti pe ẹni tó tó bí ìyá mi lórúkọ lásán.

Mo fẹ́ràn ìyá yìí gan-an. Ìtàn àwọn akọni ilẹ̀ wọn ló fi ń bá mi ṣeré. Bí mo bá ní kó jókòó kí n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní Cú Chulainn akọni so ara rẹ̀ mọ́ òpó òkúta kó lè kú lórí ìdúró, kí ló dé tí òun á fi jókòó nítorí ọṣẹ? Ó ti kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn tó ogún ìgbà, pàbó ló ń já sí.

Ti Brigid ló fẹ́ràn jù. Ó ní òrìṣà ni obìnrin náà láyé àtijọ́, òun ló ni iná, òun ló ni ìwòsàn. Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, ẹni mímọ́ kan tún jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn èèyàn sì pa méjèèjì pọ̀. Ọba ahun kan sọ fún ẹni mímọ́ yìí pé ilẹ̀ tí aṣọ ìlékè rẹ̀ bá bò ni òun máa fún un. Ó tẹ́ aṣọ náà, aṣọ ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, títí ó fi bo gbogbo pápá. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní lọ́dún àkọ́kọ́, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ Brigid, Màmá Nora gbé aṣọ funfun kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n sá a sára ọgbà lẹ́yìnkùlé, Brigid á kọjá lóru, á fọwọ́ kàn án, kí n ká a wọlé tí mo bá dé láàárọ̀. Aṣọ náà á máa wo orí fífọ́, á sì máa jẹ́ kí aboyún bí wẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀ mọ́.

Mo ní ó dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Mo gbọ́ òrìṣà, àyà mi já. Ṣé èmi ni màá fọwọ́ ara mi sá aṣọ fún òrìṣà ilẹ̀ Ireland? Mo ká a sínú báàgì, mo gbé e lọ sílé, mo ka Sáàmù lé e lórí. Nígbà tó di àárọ̀, mo rí i pé aṣọ náà gbẹ táútáú, aṣọ tó sun ìta nínú òtútù ò sì lè gbẹ bẹ́ẹ̀. Ni mo bá wọ́n omi tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sí i, kó lè dà bí ìrì.

Ìyá gbé e sójú. Ó ní, "Ó kọjá o, Bísí! Ó kọjá!" Ó so ó mọ́rí. Nírọ̀lẹ́, ó ní orí tó ti ń fọ́ òun láti Kérésì ti fi òun sílẹ̀, pé ti ọdún yìí lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú tì mí. Àmọ́ kí n má tàn yín, inú mi tún dùn díẹ̀, pé omi ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe ṣe é lọ́dún kejì nìyẹn, àti lọ́dún kẹta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n mú sísọ́ọ̀sì wá. Ó gé aṣọ náà sí méjì. Ó ní ìdajì kan jẹ́ ti Keira, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Marks Gate, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára ọmọ yìí rí. Keira ti ní òun ò ní lọ bímọ láìmú aṣọ náà dání. Màmá Nora fi ìdajì kejì sí mi lọ́wọ́, ó pa ìka mi dé lé e.

Ó ní, "Ìwọ lo ń bá mi sá a. Brigid ti mọ ọwọ́ rẹ. Ìwọ náà ti di ọmọ wa."

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Bísí, just leave it jàre! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n report ẹ sí office ni? Aṣọ yẹn work, àbí kò work?"

Ohun tí mò ń rò ni ọjọ́ tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá mi gba ọ̀já funfun tí wọ́n gbàdúrà sí wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó so ó mọ́ mi nídìí. Bí ìrọbí ṣe ń mú mi, ọ̀já yẹn ni mo dì mú. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ibi tó ní òun ti gbà á náà ni mo gbà pé ó ti wá. Ká ní ẹnì kan ti fi irọ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé màá dárí jì í?

Oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, tí mo fi lè sá a síta lóòótọ́, jìnnà, ọmọ ò sì ní dúró dè mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọkàn ìyá á bà jẹ́, Keira á sì lọ bímọ lọ́wọ́ òfo. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ mi ló máa dì mú.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́, kó tó pẹ́ jù. Ọjọ́ Ẹtì ni Keira ń bọ̀ wá mú ìdajì tirẹ̀, èmi ni Màmá Nora sì ní kí n fi lé e lọ́wọ́.