Tìámíyù Tó Ń Gba Ẹgbẹ́ Onígbèsè Là

Ẹ̀yin jàmáà, àmánà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni, lọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé ká dá àmánà padà fún ẹni tó ni ín. Ṣé owó nìkan ni àmánà? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn, ṣé owó nìkan ni? Ẹ ṣeun. Èèyàn náà ń jẹ́ àmánà.

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìwó, Tìámíyù lorúkọ rẹ̀. Géèmù ló ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ yín ń ṣe é nílé! Ẹgbẹ́ tí gbèsè ti mu dé ọrùn ló máa ń mú. Á ta àwọn àgbà, á yá àwọn ọ̀dọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gba ife-ẹ̀yẹ. Tó bá wá ṣàṣìṣe ńkọ́? Á pa géèmù, á padà síbi tó dé kí àṣìṣe náà tó ṣẹlẹ̀. Ó parí! Ta ló máa mọ̀?

Òkìkí rẹ̀ kàn dé etí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò. Alájà Sìfáwù tó ni ilẹ̀ pápá ti ní bí òun ò bá rí owó ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ jẹ òun gbà kí Iléyá tó dé, ẹ̀gẹ́ lòun máa gbìn síbẹ̀. Ni wọ́n bá pe Tìámíyù.

"Gbà wá o. Àmánà ni."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé pápá, Bàbá Bùsárì ló rí, ẹni tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́, tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù.

"Bàbá, ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù, owó kí lẹ ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ máa lọ sinmi nílé."

Bàbá Bùsárì tú kọ́kọ́rọ́ yàrá bọ́ọ̀lù, ó fi lé e lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Inú Tìámíyù dùn. Ó ní òun ti dín ìnáwó kù.

Nígbà tó di Sátidé, ọmọ mẹ́fà péré ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá tí wọ́n ń jí wa kírun, tí wọ́n ń bá wa bẹ àwọn ìyá wa, ẹ ti lé wọn lọ. Ta la fẹ́ wá bá?"

Ó sáré lọ bẹ Alájà pé kó fún ẹgbẹ́ lásìkò sí i. Alájà ti gbọ́ pé ó lé Bàbá lọ, ó dá a lóhùn pé:

"Ojú Bùsárì ni mò ń wò láti ọdún mọ́kànlá. Ìwọ, ta ni ẹ́? Lọ́jọ́ Ajé, àwọn akọbè á dé."

Tìámíyù jókòó sẹ́yìn gólì, òjò ń pa á, ìka rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀ tí ayé á fi padà sí àná. Jàmáà, ẹ bá mi wá a! Níbo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́? Kò sí. Ọmọkùnrin náà sunkún.

Àmọ́ Ọlọ́hun ò fi wá sílẹ̀ láìlọ́nà. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kejì, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Bàbá Bùsárì ní mọ́sálásí.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí."

"Bọ́ọ̀lù méjì lo gbàgbé sínú òjò lánàá," ni Bàbá wí. "Mo ti kó wọn lọ sílé mi, mo ti nù wọ́n. Dìde, jẹ́ ká lọ rí Alájà."

Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí wọ́n lé ló ṣì ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù!

Alájà wo ojú Bùsárì, ó ní, "Ó di Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀."

Gbèsè náà ò tíì tán, mi ò ní purọ́ nínú mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mọ́kànlélógún ló wà lórí pápá. Tìámíyù tó jẹ́ ọ̀gá wọn wà nídìí kànga, òun àti Bàbá Bùsárì jọ ń fọ aṣọ.

Nínú géèmù, ẹni tó ṣàṣìṣe á padà sẹ́yìn. Nínú ayé, iwájú ni tuba wà: dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ ká lé ẹni tó ń bá wa ṣọ́ ire wa. Èyí tá a bá sì ti lé, fún wa lẹ́sẹ̀ tá ó fi tọ̀ ọ́ lọ, kí o sì ti fi sùúrù sí i lọ́kàn ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmín.