Ọmọ Tí Mo Dárí Ẹ̀ṣẹ̀ Mi Jì

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin àna mi tí ẹ ti Ẹ̀pẹ́ wá, ẹ̀yin ará mọ́sálásí wa ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, mo mọ̀ pé àdúrà ọdún kejì Ṣùkúrátù ìyàwó mi lẹ rò pé mo tìtorí rẹ̀ pè yín. A óò ṣe àdúrà náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ bá mi ṣe é nígbà tí mo bá ka ìwé yìí tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu lásán, n óò fo ibi tó burú jù. Èmi Tìrìmísíyù Ògúnsànyà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté Ìkòròdú, tí ẹ ń fi sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìrun, èmi ni mo fa ikú ìyàwó mi. Balqees ọmọ mi kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lórí ẹní tí ẹ jókòó sí yìí ni mo ti di ẹ̀ṣẹ̀ náà rù ú. Lórí rẹ̀ náà ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí Balqees jáde girama, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ èékánná ṣíṣe. Mo ní, “Iṣẹ́ wo nìyẹn? Èyí tí Ọlọ́run fi sí wọn lọ́wọ́ kò tó wọn ni?” Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí. Ọmọ náà wọ ọ̀dọ̀ Wùnmí ní Ìtamágà, obìnrin tó mọṣẹ́, tí kì í gba ìmẹ́lẹ́. Èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu Balqees nílé, ni èyí tí wọ́n ń fi jẹ́lì mọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í lẹ èékánná rọ́bà mọ́ ọn. Bébà kan wà tí wọ́n ń ki bọ orí ìka, tí yóò tẹ́ sábẹ́ èékánná bí pèpéle. Orí bébà yẹn ni wọn yóò ti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fa jẹ́lì gùn, bí ẹni ń mọ amọ̀. Wọn yóò wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò kan títí yóò fi gan, wọn yóò yọ bébà, wọn yóò sì fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi jọ pé wọ́n bí i mọ́ èèyàn ni. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ lára ọwọ́ rọ́bà kan tó máa ń wà lórí tábìlì wa bí ọwọ́ òkú. Nígbà tó yá, Wùnmí sọ fún un pé, “Ọwọ́ rọ́bà ò lè sọ fún ẹ pé ó ń dun òun. Lọ wá ọwọ́ èèyàn wá.” Ṣùkúrátù na ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ mọ ọwọ́ yẹn. Ẹja ló fi yan fún ọgbọ̀n ọdún, èéfín ti wọ ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, Balqees kó jẹ́lì nípọn jù, bó sì ti ki ọwọ́ ìyá rẹ̀ bọ abẹ́ iná, jẹ́lì gbóná. Ṣùkúrátù já ọwọ́ gbà. “Yéè! Balqees, ṣé ẹja lo fi mí pè ni?” Ọmọ ní, “Màámi, ẹ má bínú, mo kó o pọ̀ jù.” Ìyá ní, “Ó yá, yan apá kejì náà, kó má lọ jẹ́ pé apá kan ló jinná.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Èmi wà lórí àga mi, mo ń gbọ́ rédíò, n kò rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Irú ọkùnrin tí mo jẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe é, tó ń bàjẹ́, tó sì ń yọ ọ́. Yíyọ rẹ̀ gba sùúrù ju ṣíṣe rẹ̀ lọ: yóò fi fáìlì rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́, yóò fi òwú tó ti rẹ sínú oògùn dì í, yóò sì dúró. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kúkú fà á já. Ó ní, “Háà, Bàbá, a kì í fà á o. Ó ti lẹ̀ mọ́ èékánná gidi. Bí èèyàn bá fà á, èékánná gidi ló máa bá a jáde.” Ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo bi í, ó sì dá mi lóhùn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, ó ṣe é, ó sì dára. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gún régé, wọ́n ń dán bí inú ìkarahun. Wùnmí ti sọ pé kó mú ọwọ́ náà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dá a lójú, Balqees yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan oníbàárà. Ó sun Ìtamágà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní Sátidé yẹn, nítorí wọ́n ní iṣẹ́ ìyàwó tuntun kan ní Sọ́ńdè. Ṣùkúrátù jáde sí ojú oòrùn, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. “Bàbá Balqees, ẹ wá wò ó. Ṣé ọwọ́ tó ń yan ẹja nìyí?” Ó dára lójú mi. N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí títí di òní.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wà ní èbúté, mo ń tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe. Zikrullah tó ń wa ọkọ̀ ojú omi pariwo láti inú ọkọ̀ rẹ̀ pé, “Baba! Mo rí ìyá wa lọ́jà ẹja láàárọ̀. Èékánná rèé ṣooro! Mo ní ṣé Baba ti gbé ọmọge wọlé ni!” Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá ẹ̀? Àbí omi ìyàwó Baba mọ ọ̀nà ẹ̀yìn?” Èmi ni mo máa ń dìde ní mọ́sálásí láti kìlọ̀ fún àwọn obìnrin pé omi àlùwàlá kò lè kan èékánná tí wọ́n bá kùn. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi wà níbí. Ọ̀rọ̀ wọn gún mi. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo gba ilé lọ kó tó di ìrun Àsárì.

Mo ní kí Ṣùkúrátù yọ ọ́. Ó ní, “Ọ̀la ni Wùnmí fẹ́ wò ó. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ á yọ ọ́ bó ṣe yẹ.” Mo ní kí ó yọ ọ́ kí wọ́n tó pe ìrun. Ó ní, “Kò ṣe é fà. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ lẹ́nu Balqees.” Mo mú ẹ̀mú tí mo fi ń tú nọ́ọ̀tì kúrò nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń dẹ́rù ba òun ni. Obìnrin yìí ti ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà fún ọdún mẹ́sàn-án. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé kó má tilẹ̀ rìn láìwọ bàtà, nítorí egbò. Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n kìlọ̀ yẹn. Mo fi apá mi há ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, bí mo ṣe máa ń há irin mọ́ abíyá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò. Ó ní, “Bàbá Balqees.” Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fa èkejì. Ẹ̀kẹta bá èékánná tirẹ̀ jáde látìdí, mo sì rí ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ki ẹnu bọ ìborùn rẹ̀ kí àwọn aládùúgbò má baà sọ pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ibẹ̀ ni mo tó dáwọ́ dúró. Mo fi omi àlùwàlá mi fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, mo lọ sí mọ́sálásí, mo sì dúró ní ìlà àkọ́kọ́.

Nígbà tí Balqees dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá rẹ̀ ti fi aṣọ di ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ọwọ́ òun há sínú wáyà tí òun fi ń yan ẹja. Èmi ni ó ń bo àṣírí fún. Ọmọ bú sẹ́kún: “Mo ṣe é gùn jù. Àǹtí Wùnmí ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe é gùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́.” Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì yọ méje tó kù. Ó pẹ́ gan-an kó tó tán. Mo ń wò ó láti orí àga mi. Nínú méje yẹn, kò sí èyí tó ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn mẹ́ta tèmi kò jinná. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ wọ́n, mo tú oògùn kápúsù dà sí wọn lójú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n kò jẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí dókítà a máa béèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọwọ́ náà wú dé ìgbọ̀nwọ́, a lọ. Dókítà béèrè pé kí ló ṣe é. Ṣùkúrátù wojú mi. Mo ní, “Èékánná tí ọmọ wa ṣe sí i ni.” Wọ́n ní oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì fà mí sún mọ́ra, ó ní, “Èmi ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún Balqees o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà gbé e kiri.” Mo ní n óò sọ. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Mo dé ibi tí mo fẹ́ fò. Ẹ rántí àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́, ẹ̀gbọ́n Ṣùkúrátù, ló béèrè níwájú gbogbo yín pé, “Obìnrin tó jáde nílé wa láìlábùkù, kí ló pa á?” Kí n tó la ẹnu, Balqees ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Èmi ni, Bàbá Sàlàkọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.” Wùnmí dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ̀yin bàbá. Jẹ́lì tó bá há sí wáyà, ṣíṣẹ́ ló máa ṣẹ́. Kì í hú èékánná látìdí. Níbo ni àwọn tó bọ́ yẹn wà? Ẹ jẹ́ kí n rí i.” Mo ní a ti dà á nù. Wọ́n wà nínú agolo nọ́ọ̀tì mi, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́ yíjú sí mi: “Tìrìmísíyù, ìwọ lo ni òkú, ìwọ lo ni ọmọ. Kí lo wí?” Ìlérí tí mo ṣe fún òkú wà ní ẹnu mi. Mo gbé ọwọ́ lé orí Balqees, ọwọ́ yìí kan náà, mo sì sọ pé, “Mo dárí jì í. Kí Ọlọ́run náà dárí jì í.” Ẹ ṣe Àmín. Àwọn kan nínú yín sunkún. Lèmọ́mù ní irú bàbá báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọmọ náà sì di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dá iná àti búrọ́ọ̀ṣì padà fún Wùnmí, ó lọ bá Fàlílátù, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló ti bímọ. Oṣù tó kọjá ni mo tó lọ wo ọmọ náà, Ameerah, ọmọ oṣù méje. Ojú ọmọ kún fún ìlà, ó ń ha ara rẹ̀ lójú. Wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ méjèèjì nínú ooru. Mo béèrè pé kí ló dé. Fàlílátù ní, “Ìyá ẹ̀ ò lè gé èékánná ẹ̀, Bùrọ̀dá. Kò sì jẹ́ kí èmi gé e. Bó bá ti rí àlùmọ́gàjí, gbígbọ̀n ni.” Mo wo Balqees. Ó ní, “Ọwọ́ mi ò dáa, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Bí ẹ ò bá dárí jì mí ni, mi ò mọ ibi tí mi ò bá wà.” Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Kò ké. Ó ní, “Mẹ́ta yẹn?” Mo ní, “Mẹ́ta yẹn.” Ó ní, “Méje tí èmi yọ ńkọ́?” Mo ní, “Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n mọ́ títí wọ́n fi wẹ òkú rẹ̀.” Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó dìde. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ní, “Ibi tí ẹ ti dárí jì mí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́. Kí gbogbo ẹni tó ṣe Àmín gbọ́.” Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. Ẹ rí i pé kò wá.

Agolo náà nìyí. Wùnmí, máa bọ̀ wá wò ó, o béèrè rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Lèmọ́mù, ẹ fi ẹlòmíràn sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n Sàlàkọ́, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe, mo wà níbí, n kò ní sá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín níta, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rín náà pa yín níta. Ẹ má gbé e wọlé fún aya yín. Mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ gbogbo yín, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi bẹ Balqees. Ẹni tí mo ti fi ìdáríjì purọ́ mọ́, n kò lẹ́nu láti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmín tí ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbà á padà lórí rẹ̀. Fàlílátù, bí o bá dé Ẹ̀pẹ́ lónìí, sọ fún un pé mo kà á tán, n kò fo ibì kankan. Kí o fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́. Sọ fún un kó gé èékánná ọmọ rẹ̀.