Àpò Gàrí Lójú Ọ̀nà Ayétòrò

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, mo wọ ọkọ̀ láti Ìlaròó lọ sí Ayétòrò. Èmi àti màmá kan tó gbé àpò gàrí sáàárín ẹsẹ̀ la jọ jókòó sẹ́yìn, obìnrin tíṣà kan sì wà níwájú. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà ṣe tú àpò màmá lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ń wá ìrẹsì níbẹ̀, tí wọn ò rí i, ni tíṣà bá yíjú sẹ́yìn.

“Màmá, ẹ má bínú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹ ṣáà máa kí wọn dáadáa.”

“Mo kí wọn. Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀.”

“Èmi ò kúnlẹ̀ rí o.”

“Wọ́n ti tú báàgì yín rí?”

Tíṣà ronú díẹ̀. “Rárá o. Bóyá torí pé mo máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn ni.”

Màmá bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí tíṣà, eyín tèmi ò kúkú burú ju tiyín lọ.”

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì í. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó gba àpò gàrí, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Nígbà tá a dé ibi kẹta tí wọ́n ti dá wa dúró, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan yọjú wo inú ọkọ̀. Ó rí àpò yẹn kedere.

“Mádáàmù, ẹ kú ìrìn o. Ẹ máa lọ.”

Ọkọ̀ ti rìn jìnnà díẹ̀ kí màmá tó na ìka sí àpò rẹ̀.

“Ẹ wò ó, gàrí mi náà ti di tíṣà.”