Èmi Ni Mo Ṣí Àpótí Ìmọ́lẹ̀ Náà

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo ṣe ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òkun máa gbé mi lọ sí ìlú òyìnbó.

Èmi àti Ràṣídì, ọmọ Ẹ̀pẹ́, la jọ gboyè, la sì jọ ń kọ́ni ní Ìkòròdú. Ọ̀gá tó kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ gíga gbé iṣẹ́ ìwádìí kan lé wa lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí iyanrìn, síbẹ̀ ó tún ń ṣe bí ìgbì ọ̀sà. A gbé àtùpà tí kò mọ́lẹ̀ tó nǹkan sínú àpótí dúdú, kí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan máa gba ihò tín-ín-rín méjì kọjá sórí gíláàsì fótò. Bí ilà-ilà bá yọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá ń ṣe bí ìgbì. A kò gbọdọ̀ ṣí i wò, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìta á sọ gíláàsì náà di dúdú. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwé la tì í mọ́. Ràṣídì ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí oṣù mẹ́ta náà pé. Ràṣídì fẹ́ ṣe àlùwàlá, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Bá mi mú un dání, kó má bọ́ sómi."

Ó ń kírun lọ́wọ́ nígbà tí mo wọ yàrá àpótí náà. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìlara. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bóyá kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé ìdérí sókè ní ìwọ̀n ìka kan. N kò rí nǹkan kan. Mo dé e padà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, tí ọ̀gá fi oògùn fọ gíláàsì náà kí àwòrán lè yọ, ó dúdú látòkè délẹ̀.

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni Ràṣídì wí. "Bóyá n kò dé e dáadáa níbẹ̀rẹ̀."

Kò tilẹ̀ wò mí. Bóyá ó ti gbàgbé, bóyá kò kàn lè ro ibi sí mi. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Òun ló mọ̀wé jù mí lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ni ọ̀gá fi ránṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ òkè òkun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí i ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀; àwọ̀n ẹja ló ń tún ṣe.

"Òyìnbó Ìkòròdú! O ti ra kóòtù? Òtútù ibẹ̀ á gé ọ létí jẹ o!"

Mo ní kó padà sídìí ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ mi ò dáa fún nǹkan ẹlẹgẹ́."

Ìyá rẹ̀ di ẹja gbígbẹ fún mi, wọ́n sì ṣàdúà fún mi gan-an. Mo ṣe àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún ọ̀gá, wọ́n lè gba àyè náà lọ́wọ́ mi, kó má sì kan Ràṣídì. Bí mo bá dé òkè òkun kí n tó kọ lẹ́tà, ojo ni mo tún ṣe. Ṣé kí n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la, kí n sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ wọn kò ba nǹkan kan jẹ́? Bí Ràṣídì bá sì ní kí n máa lọ, pé kò sí ohun tó burú, báwo ni mo ṣe máa wọ ọkọ̀ òkun náà lọ́jọ́ Jímọ̀?